FẸ́MI ỌMỌ ṢÁGÁMÙ: OHUN TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN Ẹ̀ṢẸ́ ANTHONY JOSHUA

 Ìtàn kékeré kan ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwa bíi mẹ́wàá há ara wa mọ́ inú yàrá kan níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òde, a ń wo ìjà ẹ̀ṣẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Anthony Joshua lu Francis Ngannou, ó nà gbalaja ní abala kejì. Ariwo sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan fò sókè, ó ní, "Ọmọ wa ni! Ọmọ Ṣágámù ni!" Nígbà tí ó di ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Daniel Dubois lu Joshua ní Wembley ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ìjà náà sì parí ní abala karùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi yìí kan náà mi orí, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, ará Lọ́ńdọ̀nù ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ẹnì kan ha lè jẹ́ ọmọ wa ní oṣù Kẹta, kí ó di àlejò ní oṣù Kẹsàn-án bí? Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n ṣe àlàyé ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́: orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀, ìwà rẹ̀, àti ohun tí ó fẹ́ràn nígbà tí kò bá sí ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ ní ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kà á tán, kí ẹ fúnra yín dá ẹjọ́ náà.

Orúkọ àti Ilé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1989 ni wọ́n bí i sí ìlú Watford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Anthony Olúwafẹ́mi Ọláṣeéní Joshua ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́. Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa orúkọ Yorùbá mọ̀ pé orúkọ kì í ṣe ohun tí a fi ń pe ènìyàn lásán. Olúwafẹ́mi sọ pé Olúwa fẹ́ràn mi. Ọláṣeéní sọ pé ọlá jẹ́ ohun tí ó dára láti ní. Ẹni tí ó sọ ọmọ ní irú orúkọ báyìí ní ìlú òyìnbó kò tíì gbàgbé ilé.

Odusanya ni orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ṣé ó yẹ kí n tún ṣe àlàyé èyí fún yín? Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ Odù ní ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ, ọ̀dọ̀ wa ni ọkàn ń kọ́kọ́ lọ. Ní ti ìdílé bàbá rẹ̀, ìtàn wọn ni pé bàbá ńlá wọn jẹ́ onílẹ̀ àti oníṣòwò ní Ṣágámù, ó sì rán ọmọ rẹ̀ lọ kàwé ní ilẹ̀ Ireland. Ọmọ náà fẹ́ ìyàwó níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ireland ti wọ inú ìdílé náà.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Rẹ́mọ lè bi mí pé, "Ta ni ó ní kí ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde máa yangàn pẹ̀lú ọmọ wa?" Òótọ́ ni. Ìjẹ̀bú-Òde ní Awùjalẹ̀, Rẹ́mọ ní Akárìgbò. Ìlú mẹ́tàlá ni ó kó ara wọn jọ ní ọdún 1872 tí wọ́n di Ṣágámù, Mákùn sì wà lára wọn. Ẹ fi Mákùn yìí sọ́kàn, n ó padà sí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka èdè wa súnmọ́ra, orúkọ wa jọra, ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni a sì wà láti ọdún 1976. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á jọ pín ọmọ náà.

Omi Pípọn ní Ìkẹ́nnẹ́

Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìyá rẹ̀ mú un wá sí Nàìjíríà. Ọmọ náà rò pé ìsinmi lásán ni. Kò mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ ń dúró dè é, pé yóò máa sùn níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni Táí Ṣólàárín àti ìyàwó rẹ̀ Sheila dá sílẹ̀ ní ọdún 1956. Ẹ mọ orúkọ Ṣólàárín dáadáa. Òun náà ni yunifásítì tí ó wà ní Ìjagun níhìn-ín ń jẹ́. Ìgbàgbọ́ Ṣólàárín ni pé ọmọ tí ó mọ ìwé ṣùgbọ́n tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ kò tíì kàwé. Nítorí náà ni àwọn ọmọ Mayflower ṣe ń roko, tí wọ́n ń kọ́lé.

Joshua fúnra rẹ̀ ti sọ bí ó ti rí: wọn a jí ní nǹkan bí agogo márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, wọn a pọn omi, wọn a fọ aṣọ, wọn a lọ̀ ọ́. Oṣù díẹ̀ péré ni ó lò kí ó tó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. N kò ní purọ́ fún yín pé oṣù díẹ̀ ni ó sọ ọ́ di akọni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó ti di olówó, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa ibẹ̀ bí ẹni pé ìkóra-ẹni-níjàánu tí ó kọ́ níbẹ̀ ṣe é láǹfààní. Ẹ̀yin tí ẹ ń kùn nítorí omi tí kò yọ ní ilé akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbọ́ bí?

Bí Ẹ̀ṣẹ́ Ṣe Dé

Kì í ṣe láti kékeré ni ó ti ń ja ẹ̀ṣẹ́. Bọ́ọ̀lù àti eré sísá ni ó kọ́kọ́ fẹ́ràn. Iṣẹ́ bíríkìlà ni ó sì ṣe nígbà kan. Ọdún 2007, nígbà tí ó ń lọ sí ọmọ ọdún méjìdínlógún, ni ìbátan rẹ̀, Ben Ileyemi, mú un lọ sí ilé ẹ̀ṣẹ́ ní Finchley. Ó gbìyànjú láti jà fún Nàìjíríà níbi eré Òlíńpíìkì ọdún 2008, ṣùgbọ́n kò bọ́ sí i. Ní ọdún 2012, nígbà tí Òlíńpíìkì dé Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba wúrà fún.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ yọ̀. Ní ọdún 2011, ọlọ́pàá mú un pẹ̀lú igbó nínú ọkọ̀. Ó gbà pé òun jẹ̀bi. Ilé-ẹjọ́ ní kí ó fi wákàtí 100 ṣe iṣẹ́ ìlú láìgba owó, wọ́n sì dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé áńgẹ́lì ni mo ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣubú tí ó sì mọ ibi tí ó ti kọsẹ̀, tirẹ̀ kò tíì tán.

Ìyá, Ṣẹ́ẹ̀sì àti Ìdọ̀bálẹ̀

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 2016, ó gba bẹ́líìtì àgbáyé lọ́wọ́ Charles Martin. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, níwájú 90,000 ènìyàn ní Wembley, Wladimir Klitschko gbé e ṣubú ní abala kẹfà. Ó dìde, ó sì ṣẹ́gun ní abala kọkànlá. Ẹ má ṣe rò pé ààfin ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ó pẹ́ tí ó fi ń gbé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ nínú fúláàtì oníyàrá méjì ní Golders Green. Àwọn oníwèé-ìròyìn òyìnbó kà á sí ohun ìyanu. Ní ọ̀dọ̀ wa, kí ni ìyanu tí ó wà nínú ọmọ tí kò fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀? Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pẹ̀lú pé iyán àti ọ̀bẹ̀ ẹ̀gúsí wà lára ohun tí ó fún òun ní agbára.

Ohun mìíràn tí ó fẹ́ràn ni ṣẹ́ẹ̀sì. Ẹni tí kò bá mọ eré yìí, kí ó ronú sí ayò ọlọ́pọ́n. Ọ̀pẹ ń wo ọmọ ayò tí ó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀ta ń wo ilé tí ọmọ náà yóò bọ́ sí lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta. Bákan náà ni ṣẹ́ẹ̀sì, bákan náà ni ẹ̀ṣẹ́. Lennox Lewis tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú ẹ̀ṣẹ́ ṣáájú rẹ̀ fẹ́ràn eré náà. Agbára nìkan kò tó. Ẹni tí kò ronú ni ẹ̀ṣẹ́ ń bá lójijì.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, Ààrẹ ìgbà náà, olóògbé Muhammadu Buhari, pàdé àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù. Joshua kó bẹ́líìtì rẹ̀ wá síbẹ̀. Kí ó tó fi wọ́n hàn, ó dọ̀bálẹ̀. Ọkùnrin tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mítà méjì, tí ayé ń bẹ̀rù ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀, tí a bí sí Watford, fi àyà lélẹ̀ bí ọmọ Yorùbá. Àwọn àgbà ní bí a bá dọ̀bálẹ̀ fún aràrá, bí a bá dìde, gíga ẹni kò dín. Mélòó nínú àwa tí a bí sílé ni a ti ń fi orí lásán kí àgbà báyìí?

Ó sì fín àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà sí èjìká rẹ̀, Nàìjíríà hàn kedere nínú rẹ̀. Kò fín in nígbà tí ó borí kí ó sì pa á rẹ́ nígbà tí wọ́n borí rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣubú

Wọ́n sì borí rẹ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2019, Andy Ruiz gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin ní New York, ó gba gbogbo bẹ́líìtì. Joshua yìn ín, ó lọ tún ara ṣe, ó sì gbà wọ́n padà ní oṣù Kejìlá. Oleksandr Usyk náà borí rẹ̀ ní ọdún 2021 àti 2022. Lẹ́yìn ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, inú bí i, ó ju bẹ́líìtì síta, ó sì gba makirofóònù sọ̀rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ó jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó sunkún, ó gbà pé inú tí ó bí òun sí ara òun ni ó fà á. Ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni. Ẹni tí ó jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kò tíì sọ ìwà nù.

Mákùn

Mo ní n ó padà sí Mákùn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2025, Joshua na Jake Paul ní Miami. Lẹ́yìn náà, ó wá sílé fún ọdún, gẹ́gẹ́ bí ọmọ wa gbogbo tí ó wà lájò ti ń ṣe. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ní Mákùn, ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọkọ̀ tí ó gbé e lọ kọ lu ọkọ̀ akẹ́rù tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Òun fara pa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kú lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀nà yẹn ni púpọ̀ nínú wa ń gbà lọ sí ilé àti sí ilé-ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ bí ọkọ̀ akẹ́rù ti í dúró síbẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ará Lọ́ńdọ̀nù ni tàbí ọmọ Ṣágámù. Nígbà tí ìròyìn náà dé, mo pe ọ̀rẹ́ mi yẹn lórí fóònù. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé, "Ilé ló ń bọ̀ o."

Àwọn àgbà ní ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Àńjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnì kan. Bí ọmọ bá jẹ́ tiwa ní ọjọ́ bẹ́líìtì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwa ní ọjọ́ ìṣubú àti ní ọjọ́ ọ̀fọ̀. Fẹ́mi kò fi ìgbà kankan ní kí á bá òun pín ẹ̀ṣẹ́. Ilé ni ó ń wá. Ẹ jẹ́ kí á jẹ́ ilé fún un, kí á sì tún ọ̀nà ilé ṣe.

Kí Olúwa tù ú nínú, kí ó sì dáàbò bo gbogbo wa ní ojú ọ̀nà. Mo dúró ná. Ire o!