Òwìwí Olójú Méjì Lẹ́yìn

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí bá òwìwí kan mu, èyí tí ó ń gbé inú igbó orí òkè ní ilẹ̀ Éṣíà. Gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 17 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 60. Àwọn elédè Faransé ń pè é ní Chevêchette à collier, nítorí àwọ̀ rẹ́súrẹ́sú tí ó yí ọrùn rẹ̀ ká bí ẹ̀gbà.

Láti òkè Himalaya ní Íńdíà, Nepal àti Bhutan, títí dé Ṣáínà, Taiwan, Thailand àti Vietnam ni wọ́n ti ń rí i. Ní ọdún 1836 ni Edward Burton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀.

Òru ni a mọ̀ mọ́ òwìwí, ṣùgbọ́n èyí a máa ṣọdẹ ní ọ̀sán gangan. Kòkòrò, alángbá, eku àti ẹyẹ ni oúnjẹ rẹ̀, nígbà mìíràn a tilẹ̀ gbé ẹyẹ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òun fúnra rẹ̀. Igbe rẹ̀ jẹ́ ohùn mẹ́rin: hú, hú-hú, hú. Bí ó ti ń ké ni ó ń yí orí sọ́tùn-ún sósì, tí ẹni tí ó ń wá a kò fi ní mọ ibi tí ohùn náà ti ń wá.

Ohun ìyanu rẹ̀ wà ní ìpàkọ́. Níbẹ̀ ni ìyẹ́ dúdú méjì wà bí ẹyinjú, tí àwọ̀ mìíràn sì yí wọn ká, tí ẹni tí ó bá wò ó láti ẹ̀yìn yóò fi rò pé ojú ni òun ń wò. Bí àwọn ẹyẹ kéékèèké bá gbọ́ ohùn rẹ̀, wọn a kó ara wọn jọ, wọn a máa pariwo lé e lórí, kí ó lè kúrò ládùúgbò wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ojú ẹ̀tàn yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀tá yọ́ kọlù ú láti ẹ̀yìn.

Síbẹ̀, ọlọgbọ́n ẹyẹ yìí kò lè gbẹ́ ilé fúnra rẹ̀. Inú ihò igi, pàápàá èyí tí àkókó ti gbẹ́ sílẹ̀, ni ó ń yé ẹyin sí. Àjọ UICN kò tíì kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó fẹ́ parun. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti gé àwọn igi àgbà tán, ilé rẹ̀ ti tán níbẹ̀.

Kí ni èyí kàn wá? Ìbátan rẹ̀ wà nítòsí wa. Chevêchette perlée ń gbé pápá odàn ilẹ̀ Áfíríkà, títí kan ti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, òun náà sì ní ojú ẹ̀tàn ní ìpàkọ́. Ṣùgbọ́n òwìwí kì í rí ojú rere lọ́dọ̀ wa. Àwọn àgbà wa a máa wí pé: “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?” Nítorí ìfura bẹ́ẹ̀ ni òkò ṣe ń tẹ̀ lé igbe òwìwí. A kò tako ọgbọ́n àwọn bàbá wa. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹyẹ tí ń pa eku tí ń jẹ àgbàdo inú àká wa kò yẹ ní ẹni tí a ń sọ lókò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ẹ bi àwọn ìyá àti bàbá yín àgbà léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe oríṣiríṣi òwìwí ní ìlú yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì gbọ́ igbe rẹ̀ lórí igi, ẹ ju òkò ọwọ́ yín sílẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìpàkọ́ rẹ̀ ni ẹ ń wò.