Ilé Àtijọ́ àti Owó-Orí: Ìlàlóye fún Onílé àti Ẹbí ní Abomey-Calavi

Ẹ̀yin tí ilé àtijọ́ wà ní ìkáwọ́ yín, pàápàá ilé ẹbí, la kọ ìwé kékeré yìí fún. Ìlú wa ń gbòòrò kíákíá. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2002, èèyàn 307,745 ló ń gbé ní Abomey-Calavi. Nígbà tó fi máa di 2013, wọ́n ti di 656,358. Bí èrò ṣe ń wọlé ni ilẹ̀ ń gbówó lórí, tí àwọn tó fẹ́ rà á sì ń kan ilẹ̀kùn ẹbí dé ẹbí. Ilé alámọ̀ tí bàbá ńlá kọ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wó, nítorí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti wọ́n ju ilé náà lọ. Owó-orí lè mú kí ìparun yìí yá, ó sì lè dá a dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ owó-orí ti wọ̀ ọ́

Ní Benin, owó-orí tí à ń san lórí ilé àti ilẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀ sí TFU. Owó tí ayálégbé lè san lórí ilé náà lọ́dún ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí ń fà. Ẹni tó pa ilé bàbá rẹ̀ tì, tí òrùlé ń jò, tí ògiri ń lanu, kò sí ayálégbé tí yóò san owó gidi níbẹ̀, nítorí náà owó-orí rẹ̀ á kéré. Ẹni tó yá owó, tó pààrọ̀ páànù, tó tún fèrèsé onígi ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, iye ilé rẹ̀ á gbéra, owó-orí á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó tọ́jú ogún ló wá ń san jù. Èyí kò dáa, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìlú láyé fi ṣe òfin ìdẹ̀rùn fún ilé àtijọ́.

Ohun tí àwọn mìíràn ti ṣe

Ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà, bí èèyàn bá tún ilé àtijọ́ tí ìjọba ti fọwọ́ sí ṣe, wọn kò ní gbé iye tí wọ́n fi ń ṣírò owó-orí rẹ̀ sókè fún ohun tó lé ní ọdún 8. California ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn láti ọdún 1972: onílé àti ìjọba ìlú á jọ tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún 10, ó kéré tán. Onílé ṣèlérí pé òun á tọ́jú ilé náà, owó-orí rẹ̀ á sì dínkù. Èyí ló wù wá jù, nítorí ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ ló ń bá onílé ṣàdéhùn, kì í ṣe ọ́fíìsì kan tó jìnnà réré. Ní Faransé, ẹni tó tún ilé ṣe ní àdúgbò tí ìjọba dáàbò bò, tó sì fi í fún ayálégbé, lè yọ tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ náà kúrò nínú owó-orí rẹ̀. Nítòsí wa, òfin owó ilẹ̀ ti ìpínlẹ̀ Èkó ní 2001 yọ ààfin àwọn ọba àti ìjòyè tí ìjọba mọ̀ sílẹ̀.

Èkó náà ló fi hàn wá pé orúkọ nínú ìwé nìkan kò tó. Ilojo Bar, ilé Àgùdà (irú ilé tí àwọn tó ti Brazil padà wálé kọ́) tó wà ní gbàgede Tinúbú, di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ẹbí ló ni ín. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ọgọ́ta ọdún tí orúkọ rẹ̀ fi wà nínú ìwé ìjọba kò gbà á là. Àwọn ilé Àgùdà tó wà ní Àjàṣẹ́ kò yàtọ̀ sí i: ọwọ́ ẹbí ni púpọ̀ nínú wọn wà, ọwọ́ ẹbí kò sì fi bẹ́ẹ̀ lówó nínú.

Òfin tó wà nílé

Òfin 2021-09 ti ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2021 ló ń dáàbò bo ogún àṣà ní Benin. Ilé tí wọ́n bá ti kà mọ́ ogún lábẹ́ òfin yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o tàbí yí i padà láìgba àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ni ín.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di èyí mú: ìwé òfin àgbà orílẹ̀-èdè wa, ní abala 98, sọ pé òfin ló ń pinnu owó-orí, iye rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń gbà á. Kò sí òṣìṣẹ́ tó lè fi ẹnu lásán dárí owó-orí jì yín torí pé ilé yín ti gbó. Bí ẹnikẹ́ni bá gba owó lọ́wọ́ yín kó lè "bá yín yọ ọ́", ẹ béèrè nọ́ńbà abala òfin tó dúró lé. Bí kò bá rí i sọ, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Kí ẹbí jókòó ná

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilé ló sábà máa ń lè béèrè ìdẹ̀rùn owó-orí. Ibí ni ọ̀pọ̀ ilé ẹbí ti ń pàdánù. Bàbá ti kú, ọmọ mẹ́wàá wà, ọ̀kan wà ní Kútọnu, ọ̀kan wà ní Libreville, ilé sì wà lórúkọ òkú tàbí kó má wà lórúkọ ẹnì kankan. Kò sẹ́ni tó lè bá ìjọba ṣàdéhùn. Ẹ pe ìpàdé, ẹ yan aṣojú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ajogún fọwọ́ sí i. Ẹ lọ sí ANDF, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ilẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀, kí aṣojú náà sì ní nọ́ńbà IFU tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ọ́fíìsì owó-orí fi ń dá èèyàn mọ̀.

Ẹ ya fọ́tò ilé náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ògiri, òrùlé, ilẹ̀kùn, iṣẹ́ ọnà. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Ẹ má sì jẹ́ kí bíríkìlà fi símẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀. Amọ̀ máa ń mu omi, ó sì máa ń tú u jáde. Símẹ́ǹtì á há omi náà mọ́ inú, ògiri á máa jẹrà lábẹ́lẹ̀ títí tí yóò fi ya lulẹ̀. Amọ̀ tàbí ẹfun ni kí wọ́n fi rẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn náà, kí aṣojú ẹbí kọ lẹ́tà sí mẹ́rì àti sí ọ́fíìsì owó-orí àdúgbò, kó béèrè bóyá òfin fi ìdẹ̀rùn kankan sílẹ̀ fún irú ilé bẹ́ẹ̀, kó sì ní kí wọ́n fi ìwé dá òun lóhùn. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tí yóò mú padà sílé.