Oògùn Ọdún Mẹ́wàá: Ìnira Tí Ń Tẹ̀lé Ìtọ́jú Họ́mọ̀nù fún Jẹjẹrẹ Ọmú

Nígbà tí abẹ bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, tí oògùn líle tí ń gbọn irun orí dànù ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí ẹbí sì ti kó ara wọn jọ lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tí wọ́n ti pe àwọn ààfáà wá ṣe àdúà nílé, ohun tí ó máa ń kù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú bá jà ni oògùn oníhóró kékeré kan, tí wọn yóò máa lò lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún, nígbà mìíràn fún ọdún méje tàbí mẹ́wàá. Lójú àwọn ará ilé, ogun ti tán. Ẹni tí ń gbé hóró náà mì ni ó mọ̀ pé ó ku ogun mìíràn, èyí tí kò ní ariwo, tí a kì í sì í bá ni kí fún.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí ìtọ́jú náà fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1896, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ẹnu pe họ́mọ̀nù, oníṣẹ́ abẹ kan ní ìlú Glasgow, George Beatson, kọ ọ́ sínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, pé nígbà tí òun yọ ilé ẹyin obìnrin kan tí jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ti kọjá ohun tí abẹ lè gé, kókó náà bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Ẹ́sítírójìn ni ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà lọ́jọ́ yẹn: ẹ́sítírójìn tí ń sọ ọmọdébìnrin di wúńdíá, tí ń pe nǹkan oṣù wá, tí ń mú eegun le, tí ń mú ara abiyamọ jọ̀lọ̀, òun kan náà ni púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ ọmú ń jẹ sanra. Nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tí wọ́n ń rí ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ó ní ẹnu ọ̀nà tí ẹ́sítírójìn ń gbà bá a ṣe pọ̀. Irú àrùn bẹ́ẹ̀ kì í kánjú. Ó lè lúgọ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó tún yọjú nínú eegun tàbí nínú ẹ̀dọ̀, ìdí sì nìyí tí a fi ń ṣọ́ ọ pẹ́.

Tamoxifen, tí ó kọ́kọ́ di olórí nínú iṣẹ́ yìí, kò wá sáyé nítorí jẹjẹrẹ rárá. Ní ọdún 1962, ní ilé iṣẹ́ ICI ní agbègbè Cheshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Dora Richardson, obìnrin onímọ̀ kẹ́míkà, pò ó pọ̀, nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń wá oògùn tí kì yóò jẹ́ kí oyún dúró. Nígbà tí wọ́n sì dán an wò lára obìnrin, dípò kí ó dí oyún lọ́nà, ṣe ni ó ń ta ẹyin wọn jí. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i: ní ọdún 1971 àwọn dókítà ilé ìwòsàn Christie ní Manchester ròyìn pé nínú obìnrin 46 tí jẹjẹrẹ wọn ti tàn kálẹ̀, ara 10 gba oògùn náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ọmú ní 1973, Amẹ́ríkà ní 1977. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ti kọ́kọ́rọ́ tí ó wọ inú àgádágodo, tí kò ṣí i, tí kò sì jẹ́ kí èyí tí ó ni ín ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n olójú méjì ni. Inú ọmú ni ó ti ń dènà ẹ́sítírójìn. Bí ó bá dé inú ilé ọmọ àti inú eegun, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà bí ẹ́sítírójìn.

Àwọn àbúrò rẹ̀, anastrozole, letrozole àti exemestane, orísun ni wọ́n gbógun tì. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dá, ọ̀rá ara ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ́sítírójìn tí ó kù, nípasẹ̀ èròjà kan tí a ń pè ní aromatase, àwọn oògùn wọ̀nyí sì ń rọ èròjà náà lọ́wọ́ rọ lẹ́sẹ̀ títí ẹ́sítírójìn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Obìnrin tí ó ṣì ń rí nǹkan oṣù, abẹ́rẹ́ bíi goserelin ni wọn yóò fi mú kí ilé ẹyin rẹ̀ sinmi ná kí ó tó lè lò wọ́n.

Bí a bá ṣí ìwé pélébé tí ń bẹ nínú páálí oògùn, ohun tí ń dẹ́rù bani ni ojú yóò kọ́kọ́ bà lé. Tamoxifen lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, kí èyí tí ó dì náà sì ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ, pàápàá lára àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dá. Òtítọ́ ni, a kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n wọn kò wọ́pọ̀, wọ́n sì ní àmì: ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí ó wú tí ó ń roni, èémí tí ó ń hán lójijì, àyà dídùn, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ti ojú ara jáde lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti lọ. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan nínú wọn kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún un.

Ohun tí ó wọ́pọ̀ kì í dẹ́rù bani bẹ́ẹ̀. Ooru a ti àyà dìde láìròtẹ́lẹ̀, a gun ọrùn, a bo ojú, òógùn a ṣàn, òtútù a sì dé tẹ̀lé e. Bí ó bá jẹ́ òru, aṣọ a rẹ, oorun a sì sá, ní ilẹ̀ tiwa níbi tí ooru òde ti tó ẹni í bá jà, tí iná mọ̀nàmọ́ná kì í sì í dúró kí fáànù lè yí dọ́jọ́. Fún àwọn tí ń lo oògùn tí ń gbógun ti aromatase, oríkèé ara ni ẹjọ́ pọ̀ sí: ìka tí kò fẹ́ ká láàárọ̀, orúnkún tí ń ké lórí àtẹ̀gùn, ọrùn ọwọ́ tí kò lè fún aṣọ mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, àwọn tí ó ròyìn irora yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Lẹ́yìn èyí ni gbígbẹ ojú ara wà, tí ń sọ ìbálòpọ̀ tọkọtaya di ìyà, tí obìnrin kì í sì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ níwájú dókítà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ. Àárẹ̀ sì wà, irun orí tí ń fẹ́lẹ́, ọkàn tí ń rẹ̀wẹ̀sì láìnídìí.

Ní tèmi, ohun kéékèèké wọ̀nyí ni ewu gidi, nítorí àwọn ni wọ́n ń lé obìnrin kúrò nídìí oògùn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 lórí obìnrin 8,769 ní ìpínlẹ̀ California, ìdá 49 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó lò ó pé títí dé òpin bí ó ti yẹ. Púpọ̀ nínú irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọn á kàn dẹ́kun, wọn á sì tún máa lọ rí dókítà, wọn á ní àlàáfíà ni. Ojú ń tì wọ́n láti ráhùn: ṣé ẹni tí Ọlọ́run yọ lẹ́nu ikú ni yóò tún máa sunkún orí orúnkún? Bẹ́ẹ̀ ni, ẹlẹ́gùn-ún ní í ṣe lákáláká tọ alábẹ lọ. Alábẹ kì í rìn kiri wá a.

Bí wọ́n bá sì sọ ọ́, ọ̀nà wà. Ẹni tí anastrozole kò bá lára mu lè bọ́ sórí letrozole tàbí tamoxifen, nígbà mìíràn lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí dókítà fọwọ́ sí. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé eré ìdárayá, tí ẹni tí oríkèé ń ro kì í fẹ́ gbọ́ rárá, wà lára ohun tí ẹ̀rí wà fún: nínú ìwádìí kan lórí obìnrin 121 ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń rìn kánmọ́kánmọ́ tí wọ́n sì ń gbé irin fún ọdún kan rí i pé irora tí ó le jù lára wọn fi nǹkan bí ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Fún ooru ara, àwọn oògùn tí kò ní họ́mọ̀nù nínú wà, bíi venlafaxine àti oxybutynin; ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń lo tamoxifen yàgò fún fluoxetine àti paroxetine, nítorí wọ́n ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti sọ tamoxifen di ohun tí ó lágbára. Ìdí kan nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ka gbogbo ohun tí a ń mu fún dókítà, àgbo inú ìgò náà kò gbẹ́yìn. Àwọn ìpara tí kò ní họ́mọ̀nù sì wà fún ojú ara tí ó gbẹ. Ní ti eegun, tí àwọn oògùn aromatase ń sọ di fífúyẹ́, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó: àyẹ̀wò eegun níbẹ̀rẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù àti fítámì D, àti abẹ́rẹ́ zoledronic acid fún ẹni tí ó bá yẹ.

Ǹjẹ́ èrè rẹ̀ tó ìyà náà? Ìwádìí ATLAS, tí àwọn onímọ̀ Oxford darí tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ìparí 2012, fi òṣùwọ̀n sí i. Wọ́n pín obìnrin 6,846 tí jẹjẹrẹ wọn ń jẹ ẹ́sítírójìn sí ọ̀nà méjì lẹ́yìn ọdún márùn-ún lórí tamoxifen: àwọn kan dáwọ́ dúró, àwọn kan lò ó dé ọdún mẹ́wàá. Láàárín ọdún karùn-ún sí ìkẹrìnlá, bí a bá mú 1,000 nínú àwọn tí ó dáwọ́ dúró, jẹjẹrẹ ọmú pa 150. Nínú 1,000 tí ó tẹ̀ síwájú, 122. Ní ìdàkejì, jẹjẹrẹ ilé ọmọ mú nǹkan bí 31 nínú 1,000 àwọn tí ó tẹ̀ síwájú, 16 nínú àwọn yòókù, ó sì pa 4 ní ìhà kan, 2 ní ìhà kejì. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àwọn àgbà ni wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oyin inú àpáta gbogbo ènìyàn kò pọ̀ bákan náà. Obìnrin tí kókó rẹ̀ kéré, tí kò sì dé inú abíyá, lè rí i pé ọdún márùn-ún tó òun. Ẹni tí tirẹ̀ ti dé ibẹ̀ ní ìdí láti fara dà á pẹ́.

Ìbéèrè kan sì ń bẹ tí ó ṣáájú èyí fún àwọn obìnrin wa: ṣé jẹjẹrẹ náà tilẹ̀ ń jẹ họ́mọ̀nù? Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ Yorùbá tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kí ó tó di ọ̀gá ní Yunifásítì Chicago, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti fi hàn pé irú èyí tí kì í jẹ ẹ́sítírójìn wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin Nàìjíríà àti Senegal ju lára àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun lọ. Fún ẹni bẹ́ẹ̀, tamoxifen kò ní èrè kankan. Ìnira rẹ̀ nìkan ni yóò jẹ. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá gbé oògùn náà lé lọ́wọ́ láìṣe àyẹ̀wò ẹran tí wọ́n gé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń retí ọmọ náà kò sí láìnírètí. Tamoxifen lè ba oyún jẹ́, kò sì yẹ kí a lóyún lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí wọ́n pè ní POSITIVE, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, tẹ̀ lé obìnrin 516 tí wọ́n ti lo ìtọ́jú náà fún oṣù 18 sí 30, tí wọ́n sì dá a dúró fún bí ọdún méjì láti bímọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta, àrùn náà kò padà sára wọn ju bí ó ti padà sára àwọn tí a fi wé wọn lọ.

Nígbà tí ọjọ́ àtidáwọ́ dúró bá dé, tamoxifen kì í jáde nínú ara lọ́jọ́ kan. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ààbò rẹ̀ sì ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Irora oríkèé sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù díẹ̀, eegun a sì gba díẹ̀ padà nínú ohun tí ó sọnù. Obìnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ẹni ọdún 43 tí ó parí ní 53 lè máa retí nǹkan oṣù tí kì yóò padà mọ́, nítorí ọjọ́ orí ti gbà á lọ lábẹ́ oògùn. Ẹ̀rù tún lè bà á, tí yóò fi máa wò ó pé ohun tí ń ṣọ́ òun ti lọ. Kì í ṣe ẹ̀rù lásán, nítorí àrùn náà lè padà títí dé ogún ọdún. Ìdí nìyí tí irora eegun tuntun tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ó yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá, ṣì fi jẹ́ ohun tí yóò gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ tí ó ti ju páálí oògùn náà nù.