Kí Ni Ó Yẹ Kí Ọmọ Wa Mọ̀ Kí Ó Tó Jáde ní Kíláàsì Kẹfà?

Lọ́dọọdún, bí àsìkò ìdánwò Common Entrance bá ti ń súnmọ́ etílé, orúkọ àwọn ọmọ a máa pọ̀ nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà tí àwọn òbí ń mú wá sí ilé ìsìn ní agbègbè Fádèyí. A kò rí àléébù nínú èyí; ojúṣe ìjọ ni láti gbàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ ka àwọn ìwé náà, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò wọ̀ ni ó kún inú wọn. Ohun tí ọmọ náà ti kọ́ ni a kì í rí kà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ mìíràn tilẹ̀ wà tí wọn kì í dé kíláàsì kẹfà rárá. Ó ti di àṣà ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni pé láti kíláàsì karùn-ún ni ọmọ yóò ti ṣe ìdánwò. Bí ó bá sì ti yege, ó di ilé ẹ̀kọ́ girama. Òbí rí owó ọdún kan fi pamọ́, inú wọn a sì dùn pé orí ọmọ àwọn pé. Àwọn tí ó jókòó sí kíláàsì kẹfà pàápàá, ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ni wọ́n ń dáhùn láti òwúrọ̀ títí di àkókò lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ wo gan-an wá ni ọdún kẹfà yìí wà fún?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan láti àdúgbò wa. Gbogbo ènìyàn ní Èkó ni ó mọ̀ pé ibùdó àwọn atẹ̀wé ni Ṣómólú. Ká ní ìjọ kan fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìn olójú ewé 8, ẹ̀dà 200. Bí a bá ṣẹ́ pépà kan po sí méjì, yóò fún wa ní ojú ewé 4. Nítorí náà, ẹ̀dà kan yóò gba pépà 2, gbogbo rẹ̀ yóò sì gba 400. Bí atẹ̀wé bá ní kí a fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún èyí tí ẹ̀rọ yóò bàjẹ́, 20 ni èyí. Pépà 500 ni ó wà nínú rímù kan; rímù kan tó, 80 yóò sì ṣẹ́kù. Kò sí ohun kan nínú ìṣirò yìí tí ó ju agbára ọmọ kíláàsì kẹfà lọ. A ti fi irú ìbéèrè yìí lọ àwọn ọmọ kan tí wọ́n ti yege ìdánwò wọn. Èsì tí ọ̀kan nínú wọn fún wa ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ò tíì pe ọ́pṣọ̀n.” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látẹ̀yìnwá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí, ibẹ̀ gan-an ni ìwé sì parí sí fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ẹni tí ó jáde níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè kọ lẹ́tà, kí ó ka ìwé ìròyìn fún bàbá rẹ̀, kí ó sì bá ìyá rẹ̀ ṣírò ọjà. Òfin ọdún 2004, tí ó sọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ di ọdún mẹ́sàn-án, ṣe ọmọ láǹfààní púpọ̀. Síbẹ̀, lójú ọ̀pọ̀ òbí, kíláàsì kẹfà di ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a ń gbà kọjá. Ní agbègbè wa, ilẹ̀kùn tí ó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sì ń dán: CMS Grammar School tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà ní ọdún 1859, tí ó wà ní Bàrígà nísinsìnyí; Igbobi College ti ọdún 1932; Baptist Academy ní Ọ̀bánikoro. Ta ni kò ní fẹ́ kí ọmọ òun wọlé síbẹ̀?

Ìgbìyànjú tí ó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ jùlọ lórí ọ̀ràn yìí wáyé ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ford Foundation, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A”. Mùsùlùmí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n náà, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà ni ó sì ti ṣe iṣẹ́ náà. Inú wa dùn láti rántí èyí. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ yòókù, Yorùbá ni a fi ń kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà a ó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ inú ètò yìí fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ títí dé òpin kíláàsì kẹfà. Iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún wọn, lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú. Àwọn onímọ̀ náà ní láti kọ ìwé tuntun, kí wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí a kò tíì fi Yorùbá pè rí nínú kíláàsì. Nígbà tí wọ́n sì wọn ìmọ̀ àwọn ọmọ náà, wọn kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì ta wọ́n yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ọmọ tí ó mọ ohun tí ó mú kí aṣọ yá gbẹ ní ìgbà ọyẹ́ ju ìgbà òjò lọ, tí ó sì lè jiyàn lé e lórí ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan péré ni ó kù kí ó kọ́. Èyí tí ó há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sórí láìmọ ìdí, ohun gbogbo ni ó ṣì kù fún un.

Ìlànà ìjọba kò dúró sójú kan. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2018 sọ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí yóò fi parí kíláàsì kẹfà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé ìlànà náà. A kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá nínú ìdánwò Common Entrance, ohun tí kò bá sì sí nínú ìdánwò, kíláàsì kẹfà kì í náání rẹ̀. Abájọ tí a fi ń rí ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ń kọ́sẹ̀ lórí ẹsẹ Bíbélì mẹ́ta ní Yorùbá, tí àwọn àgbà sì ń pàtẹ́wọ́ fún un nítorí pé ó gbìyànjú.

Ohun kan tún wà tí ìjọ máa ń tijú láti sọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá sí méjìlá ni ó wà ní kíláàsì kẹfà, láàrin ọdún wọ̀nyí sì ni nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí ó ti gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu olùkọ́ àti ìyá rẹ̀ kí ó tó rí i, kí ẹ̀rù má baà bà á, kí ó má sì rò pé àìsàn ni. Ó yẹ kí ọmọkùnrin pẹ̀lú mọ̀ nípa ara tirẹ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí wọn yóò sọ fún bí àgbàlagbà kan bá fọwọ́ kàn wọ́n lọ́nà tí kò tọ́. Ọmọ tí ó fo kíláàsì kẹfà lè wà ní ilé ẹ̀kọ́ olùgbé-inú-ọgbà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, láìsí òbí nítòsí, láìsí pé ẹnikẹ́ni ti bá a sọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Èyí ni ó ń bà wá lẹ́rù jùlọ nínú àṣà fífo kíláàsì.

Láàrin ìdánwò àti ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ yóò wọlé ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ wà tí kò sí ìdánwò kankan nínú rẹ̀. A bẹ ẹ̀yin àlùfáà àti olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ka ìkéde ọ̀sẹ̀ ní Yorùbá, kí wọ́n kọ lẹ́tà sí màmá àgbà nílé, kí wọ́n sì bá ìgbìmọ̀ ìkórè ṣírò pépà. Ní ti ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà, ẹ̀yin òbí, ẹ gbé bírò lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó fúnra rẹ̀ kọ ọ́.