Nígbà tí Ara Bá ń Kọ Kíndìnrín Àfúnni: Ìdámọ̀ àti Ìtọ́jú Láàárín Àwọn tí Ara Wọn Kò Bára Mu

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni ìtọ́jú aláìsàn tí ara rẹ̀ ń kọ kíndìnrín tí alààyè kan fún un, nígbà tí ara olùfúnni àti ti olùgbà kò bára mu. Kókó rẹ̀ ni pé ìdámọ̀ ohun tí ó ń ba kíndìnrín jẹ́ gbọ́dọ̀ ṣíwájú oògùn, nítorí pé oògùn tí ó ń wo ọ̀kan sàn lè dá kún òmíràn. Kíndìnrín kan ṣoṣo ni olùfúnni lè yọ̀ǹda. Bí ó bá bàjẹ́, kò sí òmíràn tí ó lè fi sílẹ̀.

2.0 Ìdí tí Ara fi ń Kọ Kíndìnrín

Ní 1954, ní Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Joseph Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba kíndìnrín lára ìbejì kan fún èkejì rẹ̀. Ó yọrí sí rere nítorí pé ìbejì ajọra ni wọ́n. Ara olùgbà kò ka kíndìnrín náà sí àjèjì. Láàárín àwọn ẹlòmíràn, ohun méjì ni ó sábà ń fa àìbáramu. Èkíní ni irú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O ti ní èròjà agbóguntàjèjì tí ó ń bá A àti B jà láti ìgbà èwe. Èkejì ni àmì HLA tí ó wà lára sẹ́ẹ̀lì. Oyún, gbígba ẹ̀jẹ̀ tàbí ìpààrọ̀ kíndìnrín àtẹ̀yìnwá lè mú kí ara ti pèsè èròjà dè é. Bí èròjà wọ̀nyí bá pọ̀, kíndìnrín lè kú láàárín wákàtí díẹ̀.

3.0 Ìpalẹ̀mọ́

Nítorí èyí, ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀ kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé. Ní 1982, Guy Alexandre bẹ̀rẹ̀ irú ìpààrọ̀ yìí ní Brussels: ó ń yọ èròjà náà kúrò nínú omi ẹ̀jẹ̀ olùgbà, ó sì ń yọ ẹ̀yà ara tí Òyìnbó ń pè ní spleen. Ní Jàpáàn, níbi tí kíndìnrín òkú ti ṣọ̀wọ́n, wọ́n tẹ́wọ́ gba irú ìpààrọ̀ yìí láti 1989. Ní 2001, Gunnar Tydén àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stockholm fi oògùn rituximab dípò yíyọ spleen, wọ́n sì lo asẹ́ tí ó ń mú kìkì èròjà tí ó ń bá A tàbí B jà.

4.0 Ìdámọ̀

Fún àwọn tí irú ẹ̀jẹ̀ wọn kò bára mu, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ó léwu jù. Lẹ́yìn náà, èròjà lè padà wá kí kíndìnrín má sì bàjẹ́. Ara ti gbà á mọ́ra. Ti HLA kò rí bẹ́ẹ̀, ewu rẹ̀ lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àmì tí oníṣègùn kọ́kọ́ ń rí ni pé creatinine inú ẹ̀jẹ̀ ń ga sí i, tàbí kí ìtọ̀ dín kù. Àmì yìí nìkan kò tó. Tacrolimus tí ó pọ̀ jù, dídí ọ̀nà ìtọ̀, àti kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní BK ń fa ohun kan náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gé bíńtín lára kíndìnrín láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọ̀ C4d lára rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì pé èròjà ti HLA ń jà. Ṣùgbọ́n níbi tí irú ẹ̀jẹ̀ kò ti bára mu, ó wọ́pọ̀ lára kíndìnrín tí kò ní ìpalára kankan. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé C4d nìkan yóò máa tọ́jú àìsàn tí kò sí.

5.0 Ìtọ́jú

Bí ó bá jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń jà, methylprednisolone tí wọ́n ń fà sínú iṣan ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èròjà agbóguntàjèjì, wọ́n á tún omi ẹ̀jẹ̀ sẹ́, wọ́n á sì fún aláìsàn ní IVIG. Bí ó bá sì jẹ́ kòkòrò BK, ńṣe ni wọ́n ń dín oògùn tí ó ń tẹ agbára ìdáàbòbò ara rì kù. Ìtọ́jú ìkẹyìn yìí lòdì pátápátá sí ti àwọn méjì ìṣáájú.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni ó ń ba kíndìnrín àfúnni jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo creatinine tí ó bá ga ni ó túmọ̀ sí pé ara ń kọ̀ ọ́. Ìpalẹ̀mọ́ ni ó ń mú kí àwọn tí ara wọn kò bára mu lè fún ara wọn ní kíndìnrín. Àyẹ̀wò tí ó péye ni kì í jẹ́ kí oògùn ba ẹ̀bùn náà jẹ́.