Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Harlock, fíìmù tó dùn ún wò ju bó ṣe yé ni lọ
Ọdún 2013 ni Toei Animation ti ilẹ̀ Japan gbé fíìmù kàtúùnù Space Pirate Captain Harlock jáde. Shinji Aramaki ló darí rẹ̀, láti inú ìtàn aláwòrán Leiji Matsumoto. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe gbogbo àwòrán rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìyìn pọ̀ sí: Arcadia, ọkọ̀ òfuurufú Harlock, ọ̀gá ajalèlókun inú òfuurufú, tó gbé agbárí òkú síwájú, á ya jáde láti inú èéfín dúdú, ẹnu á sì ya òǹwòran. James Cameron, tó ṣe Avatar, pàápàá yìn ín. Ìtàn rẹ̀ ni ò wọ ọ̀pọ̀ lára. Wọ́n ní ó lọ́jú pọ̀, àlàyé sì pọ̀ jù. Yama, ọmọkùnrin tí wọ́n rán láti pa Harlock, ò yéé yí ọkàn padà. Àwọn olólùfẹ́ Harlock àtijọ́ tún ráhùn, kò sì ṣàìtọ́, pé Yama ti gba ipò olú ẹ̀dá ìtàn mọ́ Harlock lọ́wọ́.