Òjò Kan Náà, Ẹyẹ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Lékeléke tó ń tẹ̀lé màlúù káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í bá wa jókòó de òjò. Àwọn ọmọdé tó ń na èékánná sí i pé kó ta àwọn ní funfun kì í mọ ibi tó gbà. Òkè Ọya ló ń lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì ń dé Sàhẹ́lì, létí aṣálẹ̀ Sàhárà, láti lọ yé.

Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Ní àdúgbò Bobiel àti gbogbo Niamey, olú ìlú Nìjẹ̀r, òjò ọdún kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà 550 lọ, kò tó ìdajì ti Ìbàdàn. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ló ń rọ̀ jù. Ìwọ̀nba yìí náà ló ń jí tata, èsúnsún àti kòkòrò gbogbo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà òjò yìí ni àkọ̀ dúdú, tí àwọn Hausa ń pè ní shamuwa, ń ti ìlà oòrùn àti gúúsù Áfíríkà dé. Àárín abúlé ló ń kọ́ ìtẹ́ sí, lórí igi àti òrùlé. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé òun ló ń mú òjò bọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé òjò ni ẹyẹ ń jẹ. Jan baki, ẹyẹ kékeré ẹlẹ́nu pupa tó kéré sí ẹ̀gà, hóró koríko ló fi ń la ẹ̀ẹ̀rùn já. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, gbogbo hóró ọ̀hún á hù, oúnjẹ á pòórá nílẹ̀. Òjò tó jẹ́ àsè fún lékeléke ni ìyàn fún jan baki. Yóò fò lọ sí gúúsù, níbi tí òjò ti ṣáájú, tí koríko ti so. Bí koríko Nìjẹ̀r bá so tán, á padà pẹ̀lú àìmọye ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn á yé sórí igi ẹlẹ́gùn-ún, wọn á sì bo jéró tó ń gbó.

Pé oúnjẹ ni ẹyẹ ń tẹ̀lé, kì í ṣe òjò gan-an, ọ̀dá ló ń fi í hàn kedere. Ẹyẹ kékeré kan, whitethroat, máa ń sá fún òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Sàhẹ́lì. Òjò kùnà níbẹ̀ lọ́dún 1968. Nígbà tó di 1969, nínú mẹ́rin tí wọ́n ń rí tẹ́lẹ̀, bí ẹyọ kan ló padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni kò yìnbọn sí wọn. Oúnjẹ ló tán.

Wọ́n máa ń fi ọkọ̀ òfuurufú fọ́n oògùn sórí jan baki. Mi ò dá àgbẹ̀ tí jéró rẹ̀ ń tán lẹ́bi, àmọ́ oògùn kì í ya ẹyẹ kan sọ́tọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá igi tí àkọ̀ àti lékeléke ń yé sí sí: tata tó ń jẹ jéró ni wọ́n ń jẹ.